Ọjọ́ Tí Mo Ṣílẹ̀kùn Òrùlé

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀gá kọlẹ́ẹ̀jì kan ní Adja-Ouèrè ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá àwọn ọmọ kíláàsì tó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mi. Mo lọ. Mo dúró níwájú wọn fún nǹkan bíi wákàtí kan, mo sì sọ ohun tó dùn fún wọn. Mo sọ bí mo ṣe lo ọdún mẹ́rìndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́ mímú àlejò gòkè òrùlé kàtídírà, bí mo ṣe bá òyìnbó rìn lókè, bí mo ṣe bá àwọn ará Kútọnu rìn, bí mo ṣe bá àwọn àgbẹ̀ oko wa náà rìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin kan wá dìde lẹ́yìn, ó ní, "Bàbá, ṣé nǹkan kan wà nínú iṣẹ́ yín tójú ń tì yín láti rántí?"

Mo ní rárá o, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Nígbà tí mo délé, mi ò jẹun. Sìdíkátù ìyàwó mi gbé àwo síwájú mi, ó pẹ́ díẹ̀, ó tún gbé e kúrò. Ó béèrè ohun tó ṣe mí. Mo ní ọmọ kan bi mí ní ìbéèrè, mo sì parọ́ fún un lójú gbogbo kíláàsì.

Ó ní, "Ẹ mọ̀wé. Ẹ kọ òótọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lè kà á."

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Orúkọ mi ni Rafíù. Ìdílé mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí ní Adja-Ouèrè, káfíńtà sì ni bàbá mi. Ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ń sọ yìí wà ní abúlé kan lójú ọ̀nà Massè, láàárín oko ẹ̀gẹ́ àti igbó ọ̀pẹ. Bíṣọ́ọ̀bù kò fìgbà kankan gbé ibẹ̀, àmọ́ nítorí títóbi rẹ̀, àti ilé agogo rẹ̀ méjèèjì tó ga ju igi lọ, kàtídírà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Àwọn òyìnbó ìjọ Àgùdà ló bẹ̀rẹ̀ ilé náà nígbà ayé bàbá àgbà mi, àwọn ará oko wa ló sì fi orí ru òkúta rẹ̀. Láàárín ilé agogo méjèèjì, ọ̀nà tóóró kan wà lórí òrùlé tí èèyàn lè rìn. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹ ó rí Pobè láti ibẹ̀, ẹ ó rí ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí tó tẹ́ lọ rẹrẹ, ẹ ó sì rí èéfín àwọn obìnrin tó ń yan gàrí. Nítorí òrùlé yẹn ni àlejò ṣe ń wá láti ọ̀nà jíjìn.

Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò gùn ní sísọ. Bàbá mi ń tún bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, mo tẹ̀ lé e láti máa gbé pákó fún un. Mo ti lé ní ogún ọdún, mo sì ti kúrò nílé ìwé. Àlejò kan ń béèrè nǹkan ní Faransé, mo dá a lóhùn. Ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ nítòsí gbọ́ mi. Ó lọ bá bàbá mi, ó ní òun fẹ́ gbà mí sẹ́nu iṣẹ́. Bàbá mi ní kò burú, kí n ṣáà má pa ìrun mi tì. Ọkùnrin náà ní òun fúnra òun ni yóò máa rán mi létí. Ó sì ń rán mi létí lóòótọ́, lójoojúmọ́, títí ọjọ́ tí a fi pínyà.

Ọ̀gá mi nìyẹn. Mórìsì lorúkọ rẹ̀, ọmọ Massè ni. Ó ga, ó tínrín, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé náà wà lára okùn kan tó so mọ́ ìbàdí. Àlùfáà ìjọ, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́pẹ́ẹ̀, ti pàṣẹ pé okùn yẹn kò gbọ̀dọ̀ kúrò lára rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ èèyàn. Ní ọdún àkọ́kọ́, ọ̀gá mi kò jẹ́ kí n bá àlejò kankan sọ̀rọ̀. Mo gbálẹ̀. Mo nu fèrèsé aláwọ̀ mèremère. Mo kó ìgbẹ́ àdán. Lẹ́yìn náà ló mú mi dé ibi àtẹ̀gùn tó lọ sókè òrùlé. Méjìdínlọ́gọ́fà ni àtẹ̀gùn náà, ó ń yí bí ìkarahun ìgbín, ó sì ṣókùnkùn. Ó fi aṣọ ìnujú rẹ̀ dì mí lójú, ó ní kí n máa gòkè. Nígbà tó yá, ó ní kí n dúró.

"Ibo lo wà?"

"Ìkọkànlélógójì, ọ̀gá."

"Ìkejìlélógójì ni. Sọ̀ kalẹ̀, ká tún un bẹ̀rẹ̀."

Báyìí la ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo rò pé ó kórìíra mi ni. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí n tó lóye ohun tó ń wá. Ẹsẹ̀ èèyàn ti jẹ ìkẹtàlélógójì, ó ti jìn bíi ṣíbí, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè fẹsẹ̀ rọ́ níbẹ̀. Ní àádọ́rùn-ún, ẹni tó ga gbọ́dọ̀ tẹ orí ba. Ọ̀gá mi fẹ́ kí ẹsẹ̀ mi mọ gbogbo rẹ̀, kí ojú mi lè máa wo àlejò.

Ó ní òfin mẹ́ta. Èèyàn mẹ́rin ni kí n máa mú gòkè lẹ́ẹ̀kan, n kò gbọ̀dọ̀ mú ẹnì karùn-ún. Bí a bá ń gòkè, kí n wà lẹ́yìn wọn. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí n wà níwájú, kó lè jẹ́ pé ara mi lẹni tó bá yọ̀ máa ṣubú lé. Ẹ̀kẹta: bí òrùlé bá tutù, n kò gbọ̀dọ̀ ṣílẹ̀kùn, ẹni yòówù kó wá. Èyí tó kẹ́yìn yìí, ó máa ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Kò sì fẹ́ irọ́. Lọ́dún kẹta, nígbà tó ti jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀, mo sọ fún tọkọtaya òyìnbó kan pé ọba kan wà tí wọ́n sin sábẹ́ pẹpẹ. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí i. Ojú wọn tàn, inú mi sì dùn. Ọ̀gá mi jáde láti ẹ̀yìn òpó.

"Rafíù, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

Mo ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

"Sọ fún wọn pé irọ́ ni."

Mo sọ ọ́ ní Faransé, lójú rẹ̀, pé irọ́ ni mo pa, kò sí ọba kankan níbẹ̀. Obìnrin òyìnbó náà kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má bàa rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. Inú bí mi sí ọ̀gá mi fún ọ̀sẹ̀ kan.

Àmọ́ ìgbà dídùn wà, mi ò ní fi í pamọ́. Àwọn tó fẹ́ràn ilé náà jù máa ń fẹ́ kí a mú àwọn nìkan káàkiri, láìsí èrò míì, kí wọ́n lè fara balẹ̀ béèrè ohun tó wù wọ́n. Irú ìrìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Bàbá àgbẹ̀ kan wá láti Oko-Akarè lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ rẹ̀ ló mú un wá. Ó ti bá wọn ru iyanrìn ilé náà nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, kò sì dé òkè rẹ̀ rí. A fi bíi wákàtí kan gòkè nítorí èémí rẹ̀. Nígbà tó dúró lórí òrùlé, ó ní kí n fi oko òun han òun. Mo nawọ́ sí i, ilẹ̀ kékeré kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ láàárín igbó. Ó wò ó títí.

Ó ní, "Ibẹ̀ yẹn ni mo ti gbó sí?"

Kò dà bíi pé inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó kàn ń wò ó. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ọ̀gá mi tó ti gbọ́ ohun tí bàbá náà sọ gbá mi léjìká, ó ní mo ṣe dáadáa torí pé mi ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó yìn mí nìyẹn.

Lọ́dún kejìlá mi lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n pe ọ̀gá mi sí ìsìnkú mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ní Tatonnonkon. Òjò ti rọ̀ láti ìdájí. Ó tú okùn kọ́kọ́rọ́ kúrò ní ìbàdí, ó kó o lé mi lọ́wọ́ nítorí àlejò lè fẹ́ wo inú ilé nìkan. Ohun tí Mọ́pẹ́ẹ̀ ní kó má ṣe nìyẹn, àmọ́ ó fọkàn tán mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kó tó lọ.

"Òrùlé tutù."

"Mo gbọ́, ọ̀gá."

"Òrùlé tutù, Rafíù."

Mo tún ní mo gbọ́.

Nígbà tí oòrùn yọ díẹ̀ lọ́sàn-án, ọkọ̀ kan dé láti Kútọnu. Èèyàn mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Rósà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó lọ́sẹ̀ náà, àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ sì mú un wá kí wọ́n lè ya fọ́tò lórí òrùlé. Mo ní kò ṣeé ṣe, òjò ti rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ọkùnrin kan tó wọ bàtà dídán, wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Ta ni ọ̀gá níbí? Ẹ bá wa pe ọ̀gá."

Mo ní ọ̀gá kò sí nílé.

"Àá, ọmọ iṣẹ́ nìyí," ló sọ fún àwọn yòókù. "Kò lè dá ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni. Kò sẹ́ni tó halẹ̀ mọ́ mi, kò sẹ́ni tó fún mi ní ohunkóhun. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, mo ti fẹ́yàwó, Sìdíkátù sì lóyún àkọ́bí wa sínú. Ó dùn mí kí ẹnì kan pè mí ní ọmọ iṣẹ́ nínú ilé tí mo mọ gbogbo àtẹ̀gùn rẹ̀ bí wọ́n tiẹ̀ dì mí lójú. Mo ní, "Ẹ máa bọ̀." Mo ṣílẹ̀kùn. Mo mú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gòkè, èmi sì ni mo ṣíwájú, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n rí ẹ̀yìn ẹni tó mọ̀nà.

Lókè, wọ́n tò sórí ọ̀nà tóóró náà. Ewédò ti hù sórí òkúta, omi sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó ń ya fọ́tò ní kí Rósà sún sẹ́yìn díẹ̀. Mo rí i tó gbé ẹsẹ̀. Mi ò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ó yọ̀, ó ré kọjá etí ọ̀nà, ó bọ́ sórí òrùlé tó wà nísàlẹ̀, mo sì gbọ́ ìró páànù tó fọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni mo ṣì máa ń gbọ́.

Kò kú. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin abúlé fi àkàbà gbé e sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítà. Egungun itan rẹ̀ ti ṣẹ́ sí ọ̀nà méjì.

Ọ̀gá mi dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú aṣọ ìsìnkú lọ́rùn. Mọ́pẹ́ẹ̀ pe àwa méjèèjì sí yàrá kékeré tí wọ́n ń kó aṣọ ìsìn sí. Ó béèrè ẹni tó ní kí àwọn èèyàn gòkè nígbà tí òrùlé tutù. Ó wo ojú mi. Ẹnu mi là, mi ò tilẹ̀ ronú sí i.

Mo ní, "Ọ̀gá ló ní kí n mú wọn gòkè bí wọ́n bá dé."

Mọ́pẹ́ẹ̀ yíjú sí ọ̀gá mi. "Mórìsì, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ọ̀gá mi kò wo Mọ́pẹ́ẹ̀. Èmi ló ń wò. Mo wo ilẹ̀.

Ó ní, "Ọwọ́ mi ló yẹ kí kọ́kọ́rọ́ wà. Èmi ni mo máa dáhùn fún un."

Ọjọ́ kejì ni Mọ́pẹ́ẹ̀ dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ tó ti ṣe fún ọdún mẹ́tàlélógún. Kò wá bá mi sọ̀rọ̀. Ó ká ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e lé orí bẹ́ǹṣì, ó sì gba ọ̀nà Massè lọ ní ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Mọ́pẹ́ẹ̀ fi okùn kọ́kọ́rọ́ náà lé mi lọ́wọ́. Mo gbà á. Mo so ó mọ́ ìbàdí. Nígbà tí mo délé, Sìdíkátù fi ọwọ́ kan okùn náà, ó yọ̀ fún mi, mo sì jẹ́ kó yọ̀.

Láti kàtídírà dé ilé ọ̀gá mi ní Massè, èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn ín láàárín wákàtí kan. Fún ọdún mẹ́tàlélógún, mi ò lọ. Mo gbọ́ pé ó ti ń dá oko ẹ̀gẹ́, ó sì ń dá ẹmu. Bí mo bá ní ohun tí mo fẹ́ rà ní Massè, mo máa ń rán ẹlòmíràn. Mo bá a pàdé lẹ́ẹ̀kan péré. Mo wà lẹ́yìn zẹ́mì, alùpùpù tó ń gbé èrò, ẹni tó ń wà á sì dúró láti gba afẹ́fẹ́ sí táyà. Ọ̀gá mi ń bọ̀ pẹ̀lú akèrègbè ẹmu lórí kẹ̀kẹ́. Ó dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Ìkẹtàlélógójì ńkọ́? Ṣé wọ́n ti tún un ṣe?"

Mo ní wọn ò tíì tún un ṣe, mo máa ń sọ fún àwọn àlejò kí wọ́n ṣọ́ra níbẹ̀. Ó ní ó dáa. Ó béèrè àlàáfíà ọmọ mi. Lẹ́yìn náà ó ń wò mí, ó ń retí nǹkan. Mo ní mo ń kánjú, mo sì gun alùpùpù padà kí afẹ́fẹ́ tó kún táyà náà.

Iṣẹ́ yí padà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àtùpà la fi ń gòkè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fa iná mànàmáná sínú àtẹ̀gùn. Wọ́n fi irin yí etí ọ̀nà òrùlé ká lẹ́yìn ìṣubú Rósà, ó sì yẹ kí wọ́n ti ṣe é tipẹ́. Àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹlifóònù ya ohun gbogbo, àwọn míì kì í tiẹ̀ fi ojú ara wọn wo oko. Lópin rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan láti ọ́fíìsì ìrìn-àjò afẹ́ wá gba ohùn mi sílẹ̀, kí ẹni tó bá wá lè gbọ́ àlàyé nínú tẹlifóònù rẹ̀ láìsí èmi. Mo jókòó níwájú ẹ̀rọ náà, mo sọ ìtàn ilé náà láti ìpìlẹ̀ dé òkè. Nígbà tí mo dé ibi òrùlé, mo sọ báyìí pé, "Ẹ má bẹ̀rù. Láti ìgbà tí mo ti wà níbí, kò sẹ́ni tó ṣubú rí." Kò sẹ́ni tó ní kí n sọ ọ́. Wọ́n gbà á sílẹ̀, wọ́n dúpẹ́. Láti ìgbà náà lọ, mo máa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlejò tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì máa ń gbọ́ ohùn ara mi tó ń parọ́.

Ó ku ọdún kan kí n fẹ̀yìn tì nígbà tí obìnrin kan wá. Ó fi ọ̀pá rìn, irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó ní òun fẹ́ kí n mú òun nìkan káàkiri, òun ò fẹ́ tẹlifóònù. A wo fèrèsé, a wo pẹpẹ. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, mo ní ó jìn fún ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn.

Ó ní, "Mo mọ bó ṣe jìn tó. Ẹ ò rántí mi."

Ohùn rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Rósà kò pariwo mọ́ mi. Ó ní, "Bàbá tó ga yẹn ńkọ́? Èyí tó máa ń gbé ọsàn wá fún mi."

Mo ní mi ò mọ èyí tó ń wí.

"Ọ̀gá yín. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi wà ní ọsibítà ló wá. Oṣù márùn-ún. Mo ní, bàbá, ẹ ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí lẹ wá ń ṣe? Ó ní ẹni tó mú mi gòkè, òun ló kọ́ ọ níṣẹ́, ohun tí òun ò kọ́ ọ yanjú ló ṣe mí léṣe."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn. Mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn, mo sún mọ́ ọn, ọwọ́ mi nà sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ó ń sinmi ní àtẹ̀gùn mẹ́wàá mẹ́wàá. Nígbà tí a dé òkè, ó di irin náà mú, ó wo ibi tó ti ṣubú, ó wo oko. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́.

"Mo gbọ́ pé òun ni wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé ẹ ti lọ bẹ̀ ẹ́?" ló bi mí.

Mo ní rárá.

Ó wo oko títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, a sì sọ̀ kalẹ̀, èmi níwájú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí Massè. Ọ̀gá mi jókòó sí iwájú ilé rẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kò ríran dáadáa mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Odẹ́ẹ̀tì, ń bó ẹ̀gẹ́ nítòsí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mi ò dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀: pé ó kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, pé mo ṣílẹ̀kùn nítorí ìgbéraga, pé mo purọ́ mọ́ ọn níwájú Mọ́pẹ́ẹ̀, pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe nígbà tí mo gba kọ́kọ́rọ́ náà.

Odẹ́ẹ̀tì ti dá ọ̀bẹ rẹ̀ dúró.

Ọ̀gá mi ní, "Dìde, Rafíù. Mo mọ̀ ọ́n ṣáájú rẹ."

Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà.

Ó ní, "Ìyàwó rẹ wà nínú oyún. Mo sì rò pé kò ní ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí wàá fi lọ sọ ọ́ fúnra rẹ. Mo ń retí rẹ. Ó yẹ kó o wá nígbà tí ìyá Odẹ́ẹ̀tì wà láyé. Mi ò sọ fún un, nítorí ì bá wá bá ọ jà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kú pẹ̀lú èrò pé èmi ni mo ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe. Ó máa ń gbàdúrà kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo máa ń gbọ́ ọ."

Odẹ́ẹ̀tì dìde, ó gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó wọlé. Kò wo ojú mi.

Mo ṣe ohun tó kù láti ṣe. Mọ́pẹ́ẹ̀ àtijọ́ ti kú, mo lọ bá èyí tó wà níbẹ̀ báyìí. Ó gbà mí láyè lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, mo sì sọ ọ́ níwájú gbogbo ìjọ, èmi mùsùlùmí, pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Àwọn kan ní kí ni mo ń wú ọ̀rọ̀ àtijọ́ jáde fún. Àgbà obìnrin kan dìde, ó ní òun ti fi ọ̀rọ̀ yẹn bú Mórìsì lọ́jà rí, ó sì jáde lọ pẹ̀lú omijé. Mo lọ bá àwọn ọ̀dọ́ ọ́fíìsì náà, wọ́n nu ọ̀rọ̀ yẹn kúrò nínú ẹ̀rọ, wọ́n sì gba tuntun sílẹ̀. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lónìí yóò gbọ́ mi tí mo ń sọ pé, "Ẹnì kan ṣubú níbí. Òrùlé tutù, èmi ni mo sì ṣílẹ̀kùn." Mo dá okùn kọ́kọ́rọ́ padà ní oṣù mẹ́rin ṣáájú àkókò mi.

Ẹ ó máa retí kí n sọ pé ọkàn mi fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Ìyá Odẹ́ẹ̀tì kò lè gbọ́ òótọ́ náà mọ́, kò sì sí ìjọ tí mo lè dúró níwájú rẹ̀ tí yóò mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ ṣe é, ó dára. Ẹ kọ́ àtẹ̀gùn yín dáadáa. Bí ẹ bá sì ṣe ohun tí kò dára, ẹ lọ sọ ọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ sí Massè báyìí. Mo ń bá ọ̀gá mi ro oko rẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà a ó sọ̀rọ̀ nípa ilé náà, torí ó ṣì fẹ́ mọ ohun gbogbo. Odẹ́ẹ̀tì máa ń gbé àga jáde fún bàbá rẹ̀. Bí aládùúgbò bá yà, ó máa ń gbé àpótí wá fún un. Kì í gbé nǹkan kan wá fún mi, mo sì máa ń dúró. Bàbá kò ríran, kò mọ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, ó gbọ́ ohùn mi láti òkè, ó yí orí sí mi.

"Rafíù, ṣé o wà ní ìdúró ni? Odẹ́ẹ̀tì, gbé àga fún un."

Odẹ́ẹ̀tì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò mí. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wo ojú mi nìyẹn láti ọjọ́ náà.

Ó ní, "Kò rẹ̀ wọ́n, Bàbá."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Kò rẹ̀ mí."